Wàrà Obìnrin Gáà: Ìtàn Oúnjẹ Àgbà ní Agbègbè Tchaourou

Ẹni tí ó bá ti Ṣábẹ̀ẹ́ gba ojú títì gòkè lọ sí Parakou, tí ó la Kilibo àti Toui kọjá, tí oko iṣu àti igbó kajú ń yọ sí i lọ́tùn-ún lósì, yóò dé Tchaourou ní orílẹ̀-èdè Benin, ìlú ẹnu ibodè Borgu, níbi tí Ànàgó ọmọ káàárọ̀-o-ò-jíire, Ìbàrìbá ọmọ ẹlẹ́ṣin, àti Fúlàní darandaran ti ń bá ara wọn ná ọjà láti ayébáyé. Níbi tí ọkọ̀ bá ti dẹsẹ̀ dúró ní agbègbè yìí, àwọn obìnrin a máa yọ ti àwọn ti igbá lórí. Ohun tí ó sì wà nínú igbá náà ni wàgàsì, wàrà dídì tí a fi ọkà bàbà pa láró pupa, tí ó rí rìbìtì, tí ó gan díẹ̀ ní ìta, tí ó sì rọ̀ ní inú. Ọmọdé ń jẹ ẹ́, géńdé ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ní ojú tèmi, àgbà tí eyín ti ń fi sílẹ̀, tí oorun sì ti ń dá lójú rẹ̀ láàrin òru, ni ó ni ín jù lọ.

Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ àgbà àti oorun lóde òní, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa lọ sí inú ìgò. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé òkè òkun ń fi ìyẹ̀fun funfun àti hóró oògùn ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn nílé, tí a kọ orúkọ àjèjì sí lára: glycine, tryptophan, leucine. Ámínò ásíìdì ni àpapọ̀ orúkọ wọn, àwọn èròjà kéékèèké tí purotéènì inú ẹran, ẹyin, ẹ̀wà àti wàrà fi kó ara jọ. Àwọn tí ń tà wọ́n a sì máa sọ pé wọ́n ń jẹ́ kí ènìyàn gbó kó tọ́, wọ́n sì ń mú oorun dùn. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tí ó fi owó ara rẹ̀ rà. Ohun tí ó jẹ mí lógún ni kí ọmọ Tchaourou mọ̀ pé inú wàrà dídì gan-an ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ti kọ́kọ́ fa mélòó kan nínú àwọn èròjà wọ̀nyí yọ, àti pé iṣẹ́ tí obìnrin gáà, ìyẹn ibùdó àwọn Fúlàní, ń ṣe nídìí ààrò rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́jú kò kéré sí ohun tí a lè fi ìwé ìtàn gbé lárugẹ.

Kí òyìnbó tó tẹ ilẹ̀ yìí, abẹ́ àwọn ọba àti ìjòyè Ìbàrìbá ni Fúlàní Borgu wà, Nikki sì jẹ́ ìlú aládé pàtàkì láàrin wọn. Fúlàní kò ní ilẹ̀, kò dé adé, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìdaran wà lọ́wọ́ rẹ̀, agbo ẹran sì wà níwájú rẹ̀. Àgbẹ̀ a máa gbà á láàyè kí ó da màlúù sí oko tí a ti kórè. Màlúù a jẹ poroporo tí ó kù nílẹ̀, a sì fi ìgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ lè lọ́ràá de iṣu ọdún tí ń bọ̀. Ìyàwó darandaran a gbé wàrà wá sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀, a sì fi gba ọkà, iṣu tàbí iyọ̀ padà sí gáà. Báyìí ni Ànàgó àti Fúlàní ṣe mọ ara wọn, nípa ikùn, ṣáájú kí wọ́n tó mọ ara wọn nípa ìwé orí.

Ní oṣù November ọdún 1894, Lugard tí ń ṣiṣẹ́ fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Decoeur tí ń ṣiṣẹ́ fún Faransé ń sáré lé ara wọn lọ sí Nikki, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé àdéhùn lápò, kí ó lè sọ pé ti òun ni Borgu. Nígbà tí ó di 1898, àwọn ìjọba méjèèjì jókòó ní Paris, wọ́n sì la ilẹ̀ náà sí méjì bí ẹni la obì: Nikki bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Bussa, tí ó jẹ́ ìlú aládé Borgu mìíràn, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Odò Okpara tí ó wà ní ìlà-oòrùn Tchaourou di ara ààlà, ó sì ya ẹbí kúrò lára ẹbí. Ṣùgbọ́n darandaran ń tẹ̀lé koríko àti omi bí àwọn baba rẹ̀ ti ṣe, òwò wàrà kò sì fi ọjọ́ kan dáwọ́ dúró nítorí pé àsíá yí padà.

Nínú àṣà Fúlàní, ọkùnrin ni ó ni agbo, obìnrin ni ó ni wàrà. Ọkọ lè ta akọ màlúù láì bi aya rẹ̀ léèrè, ṣùgbọ́n owó tí ó bá ti inú igbá wàrà jáde, apò obìnrin ni ó ń lọ, òun ni ó fi ń ra èlò ọbẹ̀, aṣọ ọmọ, àti ohun ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun kékeré ní àwùjọ tí ìyókù ọrọ̀ gbogbo ti ń dá ọkùnrin mọ̀. Wàrà náà kò sì pọ̀. Màlúù Borgou, bí àwọn Faransé ti ń kọ Borgu, tí ó jẹ́ ọmọ ìdàpọ̀ màlúù kúkúrú ìbílẹ̀ pẹ̀lú oníké funfun tí ó ti òkè ọya wá, mọ ìfaradà ju kí ó mọ ọmú ṣíṣun lọ. Ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mu, ohun tí ó bá ṣẹ́ kù ni ènìyàn ń fún. Bí òjò bá rọ̀ tí koríko sì yọ, wàrà a pọ̀ ju èyí tí a lè mu tán. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, igbá a gbẹ. Ọgbọ́n tí ó fi wàrà ìgbà òjò pamọ́ de ọjọ́ mìíràn ni wàgàsì.

Bí a ti ń ṣe é rọrùn láti sọ, kò rọrùn láti ṣe. Obìnrin a gbé wàrà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lé iná, iná náà kò gbọdọ̀ pọ̀. Nígbà tí ó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, a já ewé àti ẹ̀ka tútù igi bomubomu, igi eléwé fífẹ̀ tí ń hù ní etí ọ̀nà àti ní ahoro ilé, a gún un díẹ̀, a fi wàrà díẹ̀ pò ó, a sì sẹ́ oje rẹ̀ sínú ìkòkò. Oje funfun igi yìí kì í ṣe ohun ìṣeré, nítorí bí ó bá ta sí ni lójú, ó lè ba ojú jẹ́. Ọwọ́ tí ó gún ewé náà kì í kan ojú títí a ó fi fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ó di dídúró. Fún ìgbà díẹ̀, wàrà a wà bí ó ti wà, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó bọ́ sí i nínú. Lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í ya, funfun ń kó ara jọ ní ìṣù-ìṣù, omi rúsúrúsú ń sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà náà ni a óò koná mọ́ ọn títí yóò fi hó dáadáa, nítorí pé híhó ni ó ń ká oje bomubomu lọ́wọ́ kò, híhó náà ni ó sì ń pa àrùn tí ó lè bá wàrà tútù wọ ara ènìyàn. A ó wá bù ú sínú ajere tàbí apẹ̀rẹ̀ kékeré, omi a ro, ìṣù a fún pọ̀, a sì gba àwòrán ohun tí a rọ ọ́ sí. Èyí tí ó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, a óò tún un sè nínú omi tí a ti rẹ èèpo pupa ara poroporo ọkà bàbà sí, a ó sì sá a sí oòrùn, kí ara rẹ̀ lè gan, kí eṣinṣin àti ìdíbàjẹ́ má lè tètè bá a.

Ará ilé mọ èyí tí ó yẹ kí ó rà fún ta ni. Ní ọjà, ẹ ó gbọ́ ọmọbìnrin Ànàgó tí yóò kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá tí yóò sì wí pé, “Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ẹ bá mi mú èyí tó rọ̀ jù, bàbá àgbà ni yóò jẹ ẹ́.” Obìnrin Fúlàní náà, tí ó gbọ́ Ànàgó bí ẹni tí a bí sí i, yóò ṣí ewé tí ó fi bo igbá, yóò tọ́ka sí funfun tí ó wà ní ìsàlẹ̀, yóò sì dáhùn pé, “Ti òwúrọ̀ yìí ni kí o mú, ọmọ mi, kò tíì wọ aró.” Funfun náà ni a ń gé wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀ àgbà. Kì í yọ́ sínú ọbẹ̀ bí wàràkàṣì òyìnbó ti ń yọ́. Ó ń mu ata àti epo, ó sì dúró ní ìrísí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n àti èrìgì sì tó láti fọ́ ọ. Pupa ni ti àwọn tí eyín wọn ṣì mú, tí wọ́n ń dín in nínú epo gbígbóná tí wọ́n sì ń fi ata gígún jẹ ẹ́.

Ní àwọn ọdún 1930 sí 1939 ni ojú irin tí ó ti Cotonou wá dé Parakou, kìlómítà 438 gbáko, ó sì gba Tchaourou kọjá. Ẹrù ńlá ni ìjọba Faransé fẹ́ kó, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a là fún ẹrù ńlá kì í pa ẹnu dé mọ́ ẹrù kékeré. Wàgàsì pupa jẹ́ ẹrù tí ó lè rìn. Lónìí ọkọ̀ ojú irin ti dákẹ́, ọkọ̀ ojú títì ni ó kù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé ọjà Dantokpa ní Cotonou yóò bá wàgàsì Borgou níbẹ̀, ó ti di oúnjẹ àwọn Fọn, àwọn Gùn àti gbogbo ará ìsàlẹ̀ òkun tí kò rí gáà rí.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ilẹ̀ Yúróòpù díẹ̀. Ní 1819, Joseph Louis Proust, ará Faransé, ń yẹ wàràkàṣì tí ó ti kan wò, ó sì rí èròjà kan nínú rẹ̀ tí a mọ̀ lónìí sí leucine. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Henri Braconnot ní ìlú Nancy fi ásíìdì líle se gẹ́látììnì, ìyẹn ohun tí ń yọ̀ jáde lára awọ àti egungun ẹran tí a bá sè pẹ́, ó sì rí hóró dídán kan tí ó dùn lẹ́nu bí ṣúgà: glycine nìyẹn. Ní 1846, Justus von Liebig ní Jámánì fa tyrosine yọ láti inú kéésìnì, purotéènì tí ó máa ń dì nínú wàrà. Ní 1901, Frederick Gowland Hopkins àti Sydney Cole ní Cambridge tún padà sí ìdí kéésìnì yìí kan náà, wọ́n sì rí tryptophan níbẹ̀. Kéésìnì yìí ni ìṣù funfun tí bomubomu ń kó jọ nínú ìkòkò ní Tchaourou. Ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó gbé oníkálukú débẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣù kan náà ni wọ́n jọ ń wò.

Hopkins kò dúró síbẹ̀. Ní 1906 òun àti Edith Willcock bọ́ àwọn eku pẹ̀lú zein, purotéènì inú àgbàdo, gẹ́gẹ́ bí purotéènì kan ṣoṣo nínú oúnjẹ wọn. Àwọn eku náà gbẹ, wọ́n sì kú. Nígbà tí a fi tryptophan kún un, ẹ̀mí wọn gùn ju tàwọn ti ìṣáájú lọ, nítorí pé zein kò ní in. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dun ẹnikẹ́ni tí ó bá ń jẹ àkàsà ní òwúrọ̀ àti ẹ̀kọ ní alẹ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá. Ní Ítálì, Spéènì àti gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tálákà ti fi í ṣe oúnjẹ kan ṣoṣo, àrùn pellagra ti bó awọ ara wọn, ó sì ti da ọkàn wọn rú, kí Joseph Goldberger tó fi hàn láti 1914 síwájú pé àìjẹ oúnjẹ tí ó péye ni ó ń fà á. Ní 1945 ni a sì wá mọ̀ pé tryptophan lè di ohun tí ń dènà àrùn náà nínú ara. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ti wàrà bọ ẹ̀kọ ní ilẹ̀ Borgu kò ka ìwé kan rí, ṣùgbọ́n ohun tí àgbàdo kò ní ni ó bù kún un.

Ní ti oorun, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí àwọn tí ń ta ìgò kì í sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òótọ́ ni pé tryptophan ni ọpọlọ fi ń ṣe serotonin, àti pé láti ara serotonin ni kókó kékeré kan ní àárín ọpọlọ ti ń ṣe melatonin nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, èyí tí ó ń kéde òru fún gbogbo ara. Ṣùgbọ́n tryptophan kì í dá ẹnu ọ̀nà ọpọlọ wọ̀. Àwọn ámínò ásíìdì mìíràn tí ó pọ̀ jù ú lọ ń bá a du ọ̀nà kan náà. Fernstrom àti Wurtman, tí wọ́n fi eku ṣe àyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà ní 1971, fi hàn pé oúnjẹ onísítáàṣì ń mú kí insulin sun jáde, insulin a kó àwọn abánidíje náà lọ sínú iṣan, tryptophan a sì rí àyè kọjá. Wàgàsì fúnra rẹ̀ sì ń kó àwọn abánidíje náà wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí fún àgbà pé wàgàsì kan ní alẹ́ yóò kùn ún lóorun bí oògùn, kò sọ òtítọ́. Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà ni pé àgbà tí ebi kò pa ní alẹ́, tí inú rẹ̀ kò sì wú, sàn ju ẹni tí ó fi omi ẹ̀kọ nìkan sùn.

Ìtàn ìgò náà fúnra rẹ̀ sì ní ojú ẹkún nínú. Ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà ń ra tryptophan láì bi dókítà, nítorí oorun àti nítorí ìbànújẹ́ ọkàn. Nígbà tí ó di October 1989, àwọn dókítà ní ìpínlẹ̀ New Mexico rí àwọn aláìsàn tí iṣan ń ro burúkú burúkú, tí irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan sì pọ̀ rékọjá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Tryptophan ni gbogbo wọn jọ ń lò. Ìjọba gbà á kúrò lórí àtẹ, ṣùgbọ́n ó lé ní 1,500 ènìyàn tí àrùn náà mú, ó kéré tán 37 nínú wọn sì kú. Ìwádìí tọ́ka sí ilé iṣẹ́ kan ní Japan tí ó yí ọ̀nà ìpèsè rẹ̀ padà tí ó sì dín sísẹ́ rẹ̀ kù. Oorun tàbí ìtura ọkàn ni àwọn tí wọ́n kú náà ń wá, ẹni tí wọ́n ní kó kín wọn lẹ́yìn ló fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, a tún gbà kí wọ́n máa tà á, mo sì gbà pé èyí tí a ń ṣe lónìí mọ́ ju ti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ yẹ kí ó mọ ìtàn yìí kí ó tó di ẹrù.

Ti glycine ṣókí. Àwọn onímọ̀ Japan fún àwọn ènìyàn ní gíráàmù mẹ́ta kí wọ́n tó sùn, àwọn náà sì sọ pé ara àwọn yá nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Àwọn tí a yẹ̀ wò kò pọ̀. Ní 2019, a fi í kún oúnjẹ eku ní Amẹ́ríkà, ẹ̀mí wọn sì gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn. Wàrà kò ní glycine púpọ̀. Awọ màlúù ni ó ní in, nítorí pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan nínú kólájìnì tí ó di awọ àti iṣan mú jẹ́ glycine, ẹni tí ó bá sì ń jẹ pọ̀nmọ́ àti ẹsẹ̀ màlúù tí a sè títí omi rẹ̀ fi di gbígbẹ̀n-ín mọ ibi tí ó wà.

Ohun tí ó dá mi lójú jù lọ ni ti ogbó. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, ẹran ara ń yọ́, ọwọ́ tí ó ti ń gbé ìkòkò omi rí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nídìí ife, leucine inú oúnjẹ kò sì ní agbára mọ́ láti ta iṣan jí bí ó ti ń ta á jí ní ìgbà èwe. Ní 2013, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́jú àgbà kan dá a lábàá pé kí ẹni tí ó ti lé ní 65 máa jẹ purotéènì gíráàmù 1.0 sí 1.2 lójúmọ́ fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan, níbi tí 0.8 ti tó fún ẹni tí kò tíì darúgbó. Àwọn tí kíndìnrín wọn ti ń ṣàárẹ̀ ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé èyí láì gba ìmọ̀ràn. Fún ìyá àgbà tí ó wọn kìlógíráàmù 60, ó di gíráàmù 60 sí 72 lóòjọ́. Ẹ wá wo àwo rẹ̀ ní ilé wa: òkèlè iyán, ọbẹ̀ ilá, ẹran kékeré kan tí ó le ju eyín rẹ̀ lọ, tí yóò yọ sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ. Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. A máa ń fi òwe yìí rán àwọn ọmọ létí owó. Wàrà gan-an ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi rán wọn létí.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, wàgàsì sì ti gbówó lórí ju bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ẹ̀gbẹ́ obìnrin Fúlàní ní ọjà Tchaourou àti Parakou, àwọn obìnrin mìíràn ti jókòó tí wọ́n ń ta wàrà sóyà, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a sì dì gẹ́gẹ́ bí wàgàsì ti ń dì. Èmi kò bínú sí i. Purotéènì sóyà péye, Borgou sì ń gbin sóyà púpọ̀, ẹni tí kò bá lè ra ti màlúù lójoojúmọ́ lè fi ti sóyà kún un. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni ti ọ̀nà ẹran. Oko kajú ń gbòòrò, oko iṣu ń fẹ̀, ipa tí màlúù ń gbà lọ sí odò Okpara ń dín, àgbẹ̀ ń lu màlúù, màlúù ń jẹ oko àgbẹ̀, ìjà sì ti dé sí ibi tí pàṣípààrọ̀ wàrà àti iṣu ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn olórí àdúgbò àti àwọn tí wọ́n ń ṣe ìjọba kọ́múùnù Tchaourou ní agbára láti fi òpó sàmì sí ipa ẹran, kí wọ́n sì gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí màlúù má baà la oko kọjá dé odò. Níbi tí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú kí kajú tó di igbó, ohun tí ó kù fún àgbẹ̀ àti darandaran ni kí wọ́n fi ẹnu kò sí ọjọ́ tí ẹran yóò wọ oko lẹ́yìn ìkórè.